Òótọ́ àbí irọ́? "Ẹ̀rọ ló tẹ pẹ́nì yìí lẹ́ẹ̀mejì"

Fídíò irú rẹ̀ pọ̀ lórí TikTok àti WhatsApp. Ẹnì kan á gbé pẹ́nì Amẹ́ríkà sí àtẹ́lẹwọ́, á na ìka sí ọdún tó wà lára rẹ̀, á ní ká wo bí nọ́ńbà náà ṣe ní òjìji. "Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì," ni yóò wí. "Bí irú èyí bá wà nínú ilé yín, ẹ ti lówó." Ará Houston á fi ṣọwọ́ sí ará Chicago, ará Chicago á fi ṣọwọ́ sílé, kó sì tó dalẹ́, ẹnì kan ní Ìbàdàn ti ń tú báàgì ìyá rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé, ó ń wá owó onírin.

Mi ò ní kó má wá a. Owó onírin tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ di méjì wà lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn sì ń pa ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àlàyé tí fídíò yẹn ṣe kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ bó ṣe rí gan-an lè fi owó gidi ra pẹ́nì tí kò ju pẹ́nì lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹ má gba tèmi gbọ́ ju ti fídíò lọ títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí.

Ká mú èyí tó lókìkí jù nínú wọn, pẹ́nì ọdún 1955 tí wọ́n rọ ní Philadelphia. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 19, ó wúwo tó gíráàmù 3.11, bàbà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ṣe é. Abraham Lincoln wà lójú rẹ̀, ó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún. IN GOD WE TRUST wà lókè orí rẹ̀, LIBERTY wà lẹ́yìn rẹ̀, 1955 sì wà níwájú àyà rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn àti ọdún náà ló di méjì, tí lẹ́tà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun èkejì lórí, débi pé ojú lásán ń rí i láìlo awò. Ẹ wá yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ONE CENT wà, ṣírí àlìkámà kan lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni gbogbo lẹ́tà ibẹ̀. Kò sí òjìji lára ìkankan.

Ẹ̀yìn tó mọ́ yẹn ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ owó, òǹtẹ̀ irin méjì ló ń pàdé lára bàbà pẹlẹbẹ náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ lu owó yìí lẹ́ẹ̀mejì, tí owó náà sì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀ láàárín ìlù àkọ́kọ́ àti ìkejì, tojú tẹ̀yìn rẹ̀ ló yẹ kó di méjì. Kí ló dé tí ìlù kejì fi rí ojú tí kò rí ẹ̀yìn?

Ẹ̀rí kejì tún le jù ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá kó mẹ́wàá nínú pẹ́nì wọ̀nyí sórí tábìlì, bí lẹ́tà ṣe yẹ̀ lára ọ̀kan náà ló ṣe yẹ̀ lára gbogbo wọn, ìhà kan náà, àlàfo kan náà. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣe ségesège kò lè ṣe ségesège bákan náà nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ohun tó bá ń jáde láìyàtọ̀ síra, ara ohun kan tó dúró sójú kan ló ti ń jáde. Òǹtẹ̀ ni ohun náà.

Irọ́ ni, nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ tẹ pẹ́nì 1955. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ gan-an ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì kò sì bọ́ sórí àkọ́kọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe òǹtẹ̀ nígbà náà ló máa jẹ́ kó yé wa. Irin líle kan wà tí àwòrán yọ síta lára rẹ̀ bó ṣe yọ lára owó. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìyá òǹtẹ̀. Wọ́n á fi agbára ńlá tẹ ìyá òǹtẹ̀ yìí mọ́ ojú irin mìíràn tó rọ̀ jù ú lọ, àwòrán á sì jìn sínú rẹ̀. Irin kejì yìí, tí àwòrán jìn sínú rẹ̀, ni òǹtẹ̀ tó máa lọ tẹ owó. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá ṣe ń tẹ irin mọ́lẹ̀ ló ṣe ń le sí i. Àwòrán kò tíì jìn tó tí irin náà fi ń kọ̀. Ni wọ́n á bá yọ ọ́, wọ́n á kó o sínú iná ìléru títí yóò fi rọ̀, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á sì dá a padà sábẹ́ ìyá òǹtẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn, ó ń ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Òǹtẹ̀ tó ti inú iná dé gbọ́dọ̀ jókòó síbi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmì wà tí wọ́n fi ń tọ́ ọ sọ́nà, àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló ń gbé e síbẹ̀. Bó bá yí díẹ̀, kódà kó má ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, àwòrán kejì kò ní wọ inú àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì á wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo owó tí òǹtẹ̀ náà bá sì tẹ̀ títí wọn yóò fi yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò jogún àléébù yẹn. Òun ni àwọn olùkójọ owó ń pè ní doubled die.

Ti ọdún 1955 yí láti àárín. Ẹ ó rí i pé ojú Lincoln tó wà láàárín fẹ́rẹ̀ẹ́ má bàjẹ́ rárá, nígbà tí àwọn lẹ́tà tó wà létí owó jìnnà síra wọn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn bí nǹkan bá yí láti àárín: ohun tó wà létí ló ń rìn jìnnà jù. Kò sí bí ẹni tó ní ìlù méjì ni yóò ṣe ṣàlàyé èyí kó dọ́gba.

Kì í ṣe yíyí nìkan ló ń fa àléébù yìí. Ọ̀nà mélòó kan ni àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ pín in sí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá ọdún 1942. Ọdún 1941 ń lọ sópin, wọ́n sì ti ń ṣe òǹtẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n fi ìyá òǹtẹ̀ 1941 tẹ òǹtẹ̀ kan, wọ́n gbé e lọ sínú iná, ti 1942 ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́ nígbà tó dé. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà ìkẹyìn lára owó náà yóò rí 1 tó ń yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2. Ó ṣẹlẹ̀ ní Philadelphia, ó sì tún ṣẹlẹ̀ sí òǹtẹ̀ tí wọ́n lò ní Denver. Ta ni yóò wí pé ẹ̀rọ tó ń tẹ owó ló lọ mú nọ́ńbà ọdún àná wá?

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi gbà pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì? Kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Owó la máa ń rí. A kì í rí òǹtẹ̀. Inú ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n tì pa ni òǹtẹ̀ ń gbé, wọ́n sì ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ tán kó má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ayédèrú. Ẹni tó bá rí ohun méjì níbi tí ó yẹ kí ọ̀kan wà yóò rò pé wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ìrònú tó dára sì ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó tí ẹ̀rọ lù lẹ́ẹ̀mejì wà lóòótọ́: owó kan kọ̀ láti jáde lẹ́yìn ìlù àkọ́kọ́, òǹtẹ̀ tún wá bà lé e. Irú èyí sábà máa ń rí wúruwùru, ojú àti ẹ̀yìn á ní àwòrán tó gorí ara wọn, kò sì ní ìkejì tó jọ ọ́ láyé yìí. Àwọn méjèèjì ló ní méjì-méjì lára, ni wọ́n bá kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tún wà, pé òṣìṣẹ́ kan ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe pẹ́nì 1955, tó sì yọ́ ọ gbé jáde, àbí pé gbogbo wọn sùn lẹ́nu iṣẹ́. Níhìn-ín, òótọ́ díẹ̀ wà, irọ́ sì pọ̀ lára rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Òru ni, ẹ̀rọ púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, inú àpótí kan náà ni pẹ́nì tó ń ti ara wọn jáde ń pàdé. Alábòójútó kan rí i pé èyí tó ń ti ara ẹ̀rọ kan jáde kò dára. Wọ́n dá ẹ̀rọ náà dúró, wọ́n yọ òǹtẹ̀ ojú Lincoln kúrò. Àmọ́ ó ti tẹ bíi 40,000 nígbà yẹn, ó sì ju 20,000 lọ nínú wọn tó ti dà pọ̀ mọ́ ògìdìgbó pẹ́nì tó dára. Ohun tó kù láti yàn kò ju méjì lọ. Ṣé kí wọ́n yọ́ gbogbo rẹ̀, rere àti búburú, nítorí ìwọ̀nba tó bàjẹ́ láàárín wọn, àbí kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ? Wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n mọ̀, nígbà náà, wọn kò sùn. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ẹnì kan yóò fẹ́ ra pẹ́nì tó bàjẹ́ ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ.

Ọ̀nà tí ó gbà dọ́wọ́ ará ìlú tún dùn-ún gbọ́. Sẹ́ǹtì 23 ni wọ́n ń ta páálí sìgá kan nígbà yẹn, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ta sìgá kò gba ju owó sẹ́ǹtì 25 lọ, kò sì lè fúnni ní ṣéńjì. Àwọn tó ń ta sìgá bá ń fi pẹ́nì méjì sínú ọ̀rá tó bo páálí náà kó tó wọnú ẹ̀rọ. Inú ọ̀rá sìgá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní apá kan ìpínlẹ̀ New York àti Massachusetts ti kọ́kọ́ rí pẹ́nì oníméjì náà, tó ń dán yinrin, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ná.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí gbólóhùn kejì inú fídíò yẹn, èyí tó ń ba àpò jẹ́: pé owó tó bá ti ní òjìji ti di olówó gọbọi. Irọ́ ni, irọ́ tó sì léwu ni.

Òjìji tí ẹ ó rí jù lára owó kò ti ara òǹtẹ̀ wá. Ẹ ronú nípa sìtáǹbù ọ́fíìsì. Bí akọ̀wé bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, tó wá fa ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbé e, lẹ́tà á fà, á ní òjìji. Ìwé yẹn nìkan ló bàjẹ́, sìtáǹbù kò lábùkù. Àmọ́ bí ẹni tó gbẹ́ sìtáǹbù bá gbẹ́ orúkọ sí i lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìwé tó bá tẹ̀ ni yóò ní orúkọ méjì. Fífà ọwọ́ ló pọ̀ jù lọ lágbàáyé owó onírin. Òǹtẹ̀ kan kò dì mọ́ ẹ̀rọ dáadáa, ó mì bó ṣe ń kúrò lára owó, ó sì fa ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà lọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì fi kọ́bọ̀ kan kún iye owó náà.

Ẹ lè fi ojú ara yín mọ ìyàtọ̀ wọn, bí ẹ bá ní awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. Bí òjìji náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó lọ sílẹ̀, tó rí bí àtẹ̀gùn kan tó so mọ́ ara lẹ́tà, tí lẹ́tà gan-an sì tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ ló mì. Ara lẹ́tà náà ni òǹtẹ̀ há lọ. Bí méjèèjì bá yọ sókè, tí orí wọn yípo, tí lẹ́tà náà sanra ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí igun rẹ̀ sì là sí méjì bí ẹnu ẹyẹ tó ń fẹ́ jẹun, ẹ tẹ̀ síwájú. Ó lè jẹ́ òun.

Àyẹ̀wò kan tún wà tó dá mi lójú ju gbogbo wọn lọ, ó sì wúlò fún pẹ́nì tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1990. Lẹ́tà kékeré tó wà lábẹ́ ọdún, S fún San Francisco, D fún Denver, kì í sí lára ìyá òǹtẹ̀ nígbà náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú sára òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ àwòrán yòókù tán. Bí àléébù bá wá láti ara òǹtẹ̀, kò yẹ kí lẹ́tà yẹn bá wọn pín in. Bí S bá ní òjìji lápá kan náà tí ọdún ní tirẹ̀, ẹ má wulẹ̀ yọ owó jáde, ẹ̀rọ ló mì. Pẹ́nì 1969 láti San Francisco ló ń kọ́ni ní èyí jù. Púpọ̀ nínú wọn ló ní òjìji láti ara ẹ̀rọ tó mì, S náà sì ní i. Èyí tó jẹ́ ojúlówó ṣọ̀wọ́n gan-an: ọdún di méjì, LIBERTY di méjì, IN GOD WE TRUST di méjì, S sì dá dúró gedegbe. Ọ̀kan lára rẹ̀ ti tà ju 20,000 dọ́là lọ. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ayédèrú pẹ́nì oníméjì ti ọdún kan náà ti wà níta, àwọn ọ̀gbẹ́ni Secret Service tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbógun ti ayédèrú owó sì gbẹ́sẹ̀ lé díẹ̀ lára ojúlówó náà, wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọdún 1955 fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Òǹtẹ̀ kan gbó, 5 ìkẹyìn sì ní òjìji fẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní oníméjì àwọn mẹ̀kúnnù, ó sì pọ̀ lọ́jà ní iye táṣẹ́rẹ́. Láti ọdún 1982 ní tirẹ̀, inú pẹ́nì ti di síńkì tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́ bò. Bàbà náà máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ìlà funfun á sì hàn síta. Wọ́n ń ta ìyẹn náà fún aláìmọ̀kan gẹ́gẹ́ bí oníméjì.

Wọ́n á ní ìdí tí pẹ́nì oníméjì gidi fi wọ́n ni pé ó ṣọ̀wọ́n. Òótọ́ àbí irọ́? Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹtẹ̀ oníméjì ni àwọn olùkójọ ti ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ lára owó Amẹ́ríkà, òmíràn nínú wọn kò sì tíì ju ìwọ̀nba ẹyọ díẹ̀ tí wọ́n rí lọ, síbẹ̀ dọ́là díẹ̀ ló ń pa, nítorí awò nìkan ló lè rí i. Pẹ́nì 1955 tó jáde lé ní 20,000, síbẹ̀ èyí tó bá wà ní ipò tó dára ń ju 1,000 dọ́là lọ. Ojú lásán ń rí i, ó ní ìtàn, àlàfo rẹ̀ sì wà nínú álíbọ́ọ̀mù tí gbogbo ẹni tó ń kó pẹ́nì Lincoln jọ ń fẹ́ dí. Ti ọdún 1995 hàn ketekete bákan náà, àmọ́ ó pọ̀ jù, nítorí ẹnikẹ́ni kò tètè yọ òǹtẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nba ogún dọ́là sí àádọ́ta ló máa ń pa. Iye tó wà àti iye àwọn tó ń wá a ni wọ́n jọ ń pinnu owó rẹ̀.

Owó kọ́ ló mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì rò pé òun ló ń mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkójọ jókòó ti awò lálẹ́. Owó tí ẹ̀rọ ba jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ò ní mọ̀lẹ́bí. Òǹtẹ̀ oníméjì ń bí ẹgbẹ́ owó tó jọ ara wọn, a sì lè tọ ipasẹ̀ wọn padà sọ́dọ̀ ìyá kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá pẹ́nì 1955 rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú yóò wo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóròó lẹ́gbẹ̀ẹ́ T inú CENT lẹ́yìn owó náà. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn ló ní in lára, ojúlówó sì jogún rẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: nínú yàrá rẹ, láìrí ilé iṣẹ́ náà rí, o lè sọ pé pẹ́nì yìí àti pẹ́nì tọ̀hún jáde láti ara òǹtẹ̀ kan náà, lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà, lóru ọjọ́ kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń fún òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, tí ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ owó alábùkù tí wọ́n ń pè ní CONECA sì ń ṣàkọsílẹ̀ wọn. Òun náà ló ń mú èèyàn lọ ra ìdì pẹ́nì àádọ́ta ní báńkì, tó ń wo wọn níkọ̀ọ̀kan, tó sì ń dá èyí tí kò fẹ́ padà. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń wá lè rí i nínú àpótí òǹtajà tí kò mọ ohun tó ń tà, lówó pọ́ọ́kú.

Ó ku ìgbàgbọ́ kan, tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an gbé jáde nígbà kan: pé ẹ̀rọ tuntun ti pa àléébù yìí run. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Amẹ́ríkà ṣíwọ́ kíkó òǹtẹ̀ padà sínú iná. Ẹ̀rọ tó lágbára jù ti ìṣáájú ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán. Bí kò bá sí ìtẹ̀ kejì, ibo ni méjì yóò ti wá? Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, irọ́ sì ni ìdáhùn rẹ̀. Àárín irin tí wọ́n ń tẹ̀ báyìí ga ju etí rẹ̀ lọ, àárín yẹn ni ìyá òǹtẹ̀ sì ń kọ́kọ́ kàn. Bó bá dagun díẹ̀ nígbà tó kàn án, ó ti fi àmì síbẹ̀ kí agbára ẹ̀rọ tó fà á bọ́ sáyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí àléébù òde òní fi máa ń wà láàárín owó, tí kì í sí létí bíi ti 1955.

Ẹ wá pẹ́nì ọdún 2009 tí Lincoln ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó lé ìtì igi, tó ń kàwé. Ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀ owó yẹn ló ní àléébù yìí, ọwọ́ tó fi di ìwé mú sì ni ó ti hàn jù: ìka kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, tàbí apá kan rẹ̀, tó yọrí láàárín àwọn yòókù. Ibi tó wà lára òǹtẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà wọ́n ní nọ́ńbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Philadelphia ti rọ pẹ́nì ìnájà ìkẹyìn ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àmọ́ àwọn ti 2009 ṣì wà nínú ṣéńjì, kò sì sí èyí tí a kò lè fi awò ìlọ́po mẹ́wàá yẹ̀ wò.